Kìígbẹ àti Agbẹlẹ́ẹ̀rùn: ohun tí àwọn ọmọ odò Ọ̀tìn kọ́ mi

Ọmọ iléèwé kan ló bi mí ní ìbéèrè náà. Mo ti fi ṣọ́ọ̀kì ya odò sójú pátákó bí mo ṣe máa ń yà á lọ́dọọdún: ìlà ńlá kan láàárín, àwọn ìlà tín-ín-rín tó ń wọnú rẹ̀ lọ́tùn-ún lósì bí eegun ẹja. Mo kọ "orísun" sókè, mo kọ "ẹnu odò" sísàlẹ̀. Ọmọbìnrin tó jókòó lẹ́bàá fèrèsé nawọ́ sókè, ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́ mà, èwo nínú wọn ni odò tiwa?"

Ọdún kẹfà tí mo ti ń ṣe tíṣà ní abúlé yẹn nìyẹn, kò jìnnà sí Òkukù. Odò-Ọ̀tìn ni orúkọ ìjọba ìbílẹ̀ wa. Ọ̀ṣun ni orúkọ ìpínlẹ̀ wa, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1991. Ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n fi odò sọ wá lórúkọ, síbẹ̀ èmi tí mo ń kọ́ àwọn ọmọ ní jọ́gíráfì kò lè na ìka sí odò tí wọ́n ń pọn omi rẹ̀ láràárọ̀. Mo ní kí ó jókòó, pé a máa padà sórí ọ̀rọ̀ náà. Ojú rẹ̀ fi hàn pé ó mọ̀ pé n kò mọ̀ ọ́n. Ó dùn mí títí mo fi délé.

Kì í ṣe pé n kò mọ nǹkan kan. Mo mọ àwọn ńláńlá. Mo mọ̀ pé Ọ̀tìn ń ṣàn wọ Erinlẹ̀, tí Erinlẹ̀ ń ṣàn wọ Ọ̀ṣun, tí Ọ̀ṣun tó ti Ìgèdè-Èkìtì bẹ̀rẹ̀ sì ń gba Òṣogbo kọjá títí yóò fi wọ ọ̀sà Lẹ́kí. Mo tún mọ ohun kan tí mo fẹ́ràn láti máa sọ fún àwọn ọmọ. Odò Ọ̀yun, tó ń gba ẹ̀gbẹ́ Ọ̀fà kọjá, kò jìnnà sí wa rárá, ṣùgbọ́n àríwá ló kọjú sí, ọ̀dọ̀ Ọya ló sì ń gbé omi tirẹ̀ lọ. Ilẹ̀ gíga tó wà láàárín òun àti Ọ̀tìn ló ń pín omi. Òjò kan náà lè rọ̀ sórí ilẹ̀ gíga yẹn ní ọ̀sán kan náà, kí ẹ̀kán tó bọ́ sí ìhà gúúsù bá Ọ̀ṣun lọ sí ọ̀sà, kí ẹ̀kán tó bọ́ sí ìhà kejì sì bá Ọya yí gba Lọ́kọ́ja kó tó rí òkun. Ó máa ń yà mí lẹ́nu títí di òní. Ṣùgbọ́n kí omi tó di Ọ̀tìn, ibo ló ti ń bọ̀? Ibẹ̀ ni ìmọ̀ mi parí sí.

Mo wá máàpù kiri. Nígbà tí ó tẹ̀ mí lọ́wọ́, inú mi dùn bí ẹni tó rí lẹ́tà ìyá rẹ̀. Irú èyí tí sẹ̀ǹtímítà kan nínú rẹ̀ dúró fún 500 mítà lórí ilẹ̀ ni. Fọ́tò tí wọ́n fi ọkọ̀ òfurufú yà ní àwọn ọdún 1960 ni wọ́n fi ya ọ̀pọ̀ irú máàpù bẹ́ẹ̀. Odò tó ń ṣàn yípo ọdún, ìlà búlúù tí kò já ni wọ́n fi yà á. Èyí tó ń ṣàn lásìkò òjò nìkan, ìlà rẹ̀ á já wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́. Mo rí abúlé wa, mo rí méjì nínú àwọn odò tó sún mọ́ wa jù. Ọ̀kan gùn tó sẹ̀ǹtímítà méje, ìyẹn kìlómítà mẹ́ta àbọ̀, ìlà rẹ̀ kò já. Èkejì kò tó sẹ̀ǹtímítà méjì, ìlà rẹ̀ já wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́. Kò sí orúkọ lára èyíkéyìí nínú wọn.

Ó ti tó ọdún méjì tí mo ti ń rò ó láti fi ẹ̀fọ́ ẹ̀ẹ̀rùn kún owó oṣù mi. Ẹ̀yin tí ẹ mọ akùrọ̀ mọ èrè tó wà nínú rẹ̀: nígbà tí ilẹ̀ gbogbo bá gbẹ, etídò nìkan ni nǹkan tútù ti lè hù, ata àti ewédú á sì gbówó lórí. Mo gbé máàpù mi wò, mo yan odò gígùn. Mo yá owó ní ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀, mo sì gba ilẹ̀ lọ́wọ́ ẹnì kan tó ń gbé ìlú, tí kì í sábà wá sóko. Ó gba owó rẹ̀, kò sọ̀rọ̀ púpọ̀. Èmi náà kò béèrè nǹkan kan. N kò tilẹ̀ béèrè orúkọ odò náà. Lójú mi nígbà yẹn, ohun tí kò lórúkọ lórí máàpù kò lórúkọ.

Oṣù kọkànlá ni mo gbin tẹ̀tẹ̀, ṣọkọ, ewédú, ata àti tòmátò. Odò kún dáadáa, ó ń dún. Nígbà tí oṣù Disẹ́ńbà dé ìdajì, kò ju ọrùn ẹsẹ̀ mi lọ mọ́. Kí Kérésì tó kọjá, ó ti di ọ̀gọ̀dọ̀ níbí, ọ̀gọ̀dọ̀ lọ́hùn-ún. Ọyẹ́ wá dé, iyanrìn funfun nìkan ló kù. Tòmátò mi sì ṣẹ̀ṣẹ̀ ń tanná ni. Mo gbẹ́ ihò sínú odò, mo rò pé omi á wà nísàlẹ̀. Ihò náà kò jìn ju apá mi lọ tí ọkọ́ fi kan àpáta.

Níbi tí mo ti ń gbẹ́ ihò kẹta ni Bàbá kan bá mi. Mo mọ̀ wọ́n lójú. Àwọn ọmọ-ọmọ wọn wà ní kíláàsì mi.

"Tíṣà, kí lo ń wá níbẹ̀ yẹn?"

"Ẹ kú ìrìn, Bàbá. Omi ni mo ń wá."

"Omi kì í gbé ibẹ̀. Ṣé wọ́n sọ orúkọ odò yìí fún ọ?"

"Wọn ò sọ ọ́, Bàbá."

"Agbẹlẹ́ẹ̀rùn ni. Orúkọ tí bàbá bàbá mi bá níbẹ̀ nìyẹn."

Mo jókòó sórí iyanrìn. Orúkọ náà ti wà níbẹ̀ látijọ́, Yorùbá tó mọ́ kedere ni, ọmọ ọdún márùn-ún á gbọ́ ọ yé. Ìbéèrè kan ṣoṣo ló wà láàárín èmi àti gbogbo owó tí mo sọnù yẹn. Bàbá kò fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Wọ́n ní kí n dìde, kí n jẹ́ ká lọ wo ẹ̀gbọ́n rẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ni èyí tó kúrú, tí ìlà rẹ̀ já wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́ lórí máàpù mi. Kìígbẹ lorúkọ rẹ̀. Kò fẹ̀ rárá, ọmọdé lè fò ó kọjá. Ṣùgbọ́n omi ń lọ nínú rẹ̀ wọ́rọ́wọ́rọ́, ó mọ́ gaara, ọyẹ́ sì ti ń fẹ́ láti nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Ìyá arúgbó kan ní ilá àti ẹ̀fọ́ létí rẹ̀, gbogbo rẹ̀ tutù minijọ. Ilẹ̀ ìyá yẹn àti ilẹ̀ mi kò jìnnà síra ju ibi tí èèyàn lè ké pe ẹnì kejì rẹ̀ lọ.

Bàbá àti èmi tẹ̀ lé Kìígbẹ lọ sókè. A sábà máa ń sọ níbi àríyá pé odò tó bá gbàgbé orísun rẹ̀ yóò gbẹ. Mo ti sọ ọ́ láìmọye ìgbà, n kò sì tíì fi ojú rí orísun kankan láyé mi àfi ọjọ́ yẹn. Ẹsẹ̀ òkè àpáta kan ló ti ń jáde. Kì í ṣe ojú ihò ńlá bí mo ṣe ń rò ó. Ilẹ̀ kàn ń sun omi ni, níbi tó fẹ̀ tó yàrá méjì, lábẹ́ ewé jíjẹrà, láàárín gbòǹgbò igi àti ògùrọ̀. Omi náà á kóra jọ díẹ̀díẹ̀, á wá di ohun tó ń ṣàn.

Lẹ́yìn tí mo padà sórí ìwé mi ni ìdí rẹ̀ yé mi. Àpáta líle ló wà lábẹ́ ilẹ̀ wa, irú àpáta yìí kì í fa omi mu. Ibi tí omi lè fara pamọ́ sí kò ju méjì lọ: inú yẹ̀pẹ̀ tí àpáta tó ti rà fi sílẹ̀ lókè, àti inú sísán ara àpáta fúnra rẹ̀. Ní ìdí òkè yẹn, yẹ̀pẹ̀ náà nípọn. Gbogbo òjò tó bá ti orí àpáta ṣàn wálẹ̀ láti oṣù kẹrin títí dé oṣù kẹwàá ni ó ń gbà sínú, á sì máa tú u sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀ títí òjò mìíràn yóò fi dé. Agbẹlẹ́ẹ̀rùn kò ní irú àpò bẹ́ẹ̀. Orí àpáta tí yẹ̀pẹ̀ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ bò ló ń gbà kọjá, omi á yára kún inú rẹ̀, á sì yára lọ. Ó gùn, ó fẹ̀, ó hàn dáadáa láti inú ọkọ̀ òfurufú. Igi tó ṣíji bo Kìígbẹ ni kò jẹ́ kí ẹni tó wà lókè rí i bó ṣe rí.

Mo gbọ́dọ̀ sọ ti igbó kékeré yẹn. Màrìwò wà lẹ́nu rẹ̀. Wọn kì í dáko níbẹ̀, wọn kì í gé igi níbẹ̀, wọn kì í sì í fọ aṣọ ní ojú ibi tí omi ti ń sun. Onígbàgbọ́ ni mí, n kì í bọ odò. Nígbà tí mo kọ́kọ́ dé abúlé yẹn, mo máa ń rò pé ìbẹ̀rù lásán ló ń da àwọn èèyàn láàmú. Ní ọjọ́ tí mo dúró níbẹ̀, tí ẹsẹ̀ mi tutù nínú oṣù kìíní, mo yí èrò yẹn padà. Èèwọ̀ náà ló ṣọ́ omi tí ilá ìyá yẹn ń mu. Nínú ìtàn tí wọ́n ń sọ lágbègbè wa, obìnrin ni Ọ̀tìn, ọdẹ ni Erinlẹ̀, àwọn kan sì ń sọ pé tọkọtaya ni wọ́n. Ẹ gbé ìtàn náà sẹ́gbẹ̀ẹ́ máàpù: odò kan ń ṣàn wọnú èkejì, wọn kò sì yà mọ́. Ẹni tó kọ́kọ́ sọ ìtàn yẹn mọ ibi tí omi ń lọ. Àwọn tó ń bọ Erinlẹ̀ tún máa ń dárúkọ àwọn ibú rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, ibú kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú ìwà tirẹ̀. Nígbà tí wọ́n kó àwọn èèyàn wa lẹ́rú lọ sí Kúbà, Erinlẹ̀ bá wọn dé ibẹ̀, Inle ni wọ́n ń pè é níbẹ̀ títí di òní.

Owó ẹgbẹ́ gbà mí ní ọdún kan àbọ̀ láti san tán. Ṣùgbọ́n mo padà sí kíláàsì, mo sì sọ fún àwọn ọmọ pé èmi náà ń kọ́ odò wa lọ́wọ́, kí a jọ kọ́ ọ.

Ọjọ́ Sátidé ni a máa ń lọ. Ọmọ kọ̀ọ̀kan á kọ́kọ́ béèrè nílé pé kí ni wọ́n ń pe omi tó wà lọ́nà oko wọn. Orúkọ wá ń ya wọlé. Ẹlẹ́rẹ̀, tí ẹsẹ̀ máa ń rì sí. Olókùúta. Abínú, tí mo máa padà sọ̀rọ̀ rẹ̀. Nígbà tí a kà wọ́n tán, mọ́kànlá ni àwọn odò kéékèèké tí omi wọn ń lọ sínú Ọ̀tìn láti ìhà ọ̀dọ̀ wa, yálà tààrà tàbí nípasẹ̀ òmíràn. Mẹ́rin péré ló wà lórí máàpù mi.

Mo kọ́ wọn ní ọ̀nà tí àwọn onímọ̀ fi ń to odò sípele. Robert Horton, ará Amẹ́ríkà, ló gbé e jáde ní 1945, Arthur Strahler sì tún un ṣe ní 1952. Odò tí kò sí odò mìíràn tó wọ inú rẹ̀, ipele kìíní ni. Ipele kìíní méjì bá pàdé, ó di ipele kejì. Kejì méjì bá pàdé, ó di ìkẹta. Ṣùgbọ́n bí ipele kìíní bá wọnú ipele kejì, kejì náà ni yóò ṣì máa jẹ́. Àwọn ọmọ gbádùn rẹ̀ bí ayò. Èmi ni ọkàn mi kò fara mọ́ ọn tán. Kìígbẹ, ipele kìíní ni, ibi tó sì ti wọnú odò ipele kejì, kò fi nǹkan kan kún ipele rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ní oṣù kejì, òun nìkan ló ń gbé omi bọ̀ láti gbogbo ìhà yẹn.

Ìdí nìyẹn tí a fi bẹ̀rẹ̀ sí í wọn omi. Ọsàn la lò. Ọsàn dára ju igi lọ, nítorí ó máa ń rì díẹ̀, afẹ́fẹ́ kò rí i tì. A ó wọn mítà mẹ́wàá létí odò, a ó ju ọsàn sí i lókè, ọmọ kan á máa wo aago. Ní oṣù kẹwàá, Abínú fẹ̀ tó mítà 4, ó jìn tó sẹ̀ǹtímítà 30, ọsàn sì fi ìṣẹ́jú àáyá 25 rin mítà 10. Bí a bá ṣírò rẹ̀, tí a yọ díẹ̀ kúrò nítorí pé omi ìsàlẹ̀ àti ti ẹ̀gbẹ́ kì í yára tó ti àárín, ó jẹ́ nǹkan bí 400 lítà ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Kẹ́ẹ̀gì 25 lítà mẹ́rìndínlógún, kí èèyàn tó ṣẹ́jú! Ní oṣù kejì a padà síbẹ̀, Abínú kò ní ẹ̀kán kan. A kọjá sí Kìígbẹ: sẹ̀ǹtímítà 80 ní fífẹ̀, 8 ní jíjìn, ọsàn fi ìṣẹ́jú àáyá 50 rin mítà 10. Lítà 11 péré. Àwọn ọmọ bú sẹ́rìn-ín, wọ́n ní kò tó ìdajì kẹ́ẹ̀gì. Mo ní kí wọ́n ṣírò rẹ̀ fún odidi ọjọ́ kan, tọ̀sán-tòru. Ó lé ní 900,000 lítà. Ẹ̀rín náà dáwọ́ dúró.

Ti Abínú ni mo fẹ́ sọ báyìí, nítorí mo ṣì máa ń lá àlá rẹ̀. Ó ku díẹ̀ kí oṣù kẹsàn-án parí, ojú ọ̀run mọ́, oòrùn ràn. Omi kò ju orúnkún lọ. Mo ti wọ inú rẹ̀ pẹ̀lú okùn, ọmọ mẹ́rin sì fẹ́ tẹ̀ lé mi. Ọmọbìnrin ẹ̀gbẹ́ fèrèsé dúró létí odò, kò wọlé. Ó ní, "Mà, ẹ jáde. Ewé tútù ń bọ̀." Mo wolẹ̀. Lóòótọ́, ewé tútù ń bá omi bọ̀, kì í ṣe ewé gbígbẹ tó máa ń léfòó lójoojúmọ́, àwọ̀ omi sì ti ń yí sí ti eruku. Òórùn ilẹ̀ tí òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ pa gbà mí nímú. A jáde. N kò rò pé ó tó ìṣẹ́jú mẹ́wàá tí omi náà fi dé, pupa fòò, tòun ti ìtì igi, ó ga ju orí mi lọ níbi tí mo dúró sí tẹ́lẹ̀. Òjò kò ta sí abúlé wa lára rárá ní ọjọ́ yẹn. Òkè lọ́hùn-ún ló ti rọ̀, níbi tí wọ́n ti gé igi tán fún èédú, tí ilẹ̀ ti wà ní ìhòòhò. Omi kò rí ibi wọlé sí, ó kó ara rẹ̀ jọ ó sì sáré.

Mo bi ọmọ náà pé ta ló kọ́ ọ. Ó ní ìyá òun àgbà ni, pé bí ewé tútù bá ti ń bọ̀, kí òun má ṣe wò ó lẹ́ẹ̀kejì. Láti ọjọ́ náà, kò sí ọmọ tó bá mi wọ odò láìjẹ́ pé ẹnì kan dúró lókè tó ń wo ewé.

Ohun tí àwọn ọmọ odò bá gbé, ìyá wọn ló ń gbà á. Gbogbo wa la rí Ọ̀ṣun, bó ṣe pọ́n lọ́dún mélòó kan sẹ́yìn nítorí àwọn tó ń wa wúrà nílẹ̀ Ìjẹ̀ṣà, tí ìjọba ìpínlẹ̀ fi kìlọ̀ ní 2022 pé kí àwọn èèyàn má mu ún. Kì í ṣe ní Òṣogbo ni ẹrẹ̀ yẹn ti wọ inú rẹ̀. Lọ́dọ̀ tiwa, dáàmù Èkó-Ẹ̀ńdẹ wà lórí Ọ̀tìn, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń fa omi ẹ̀rọ fún Ìkìrun àti àwọn ìlú tó yí i ká. Gbogbo yẹ̀pẹ̀ tí Abínú bá bó kúrò lórí oko, ibì kan ló máa lọ jókòó sí nísàlẹ̀. Inú máa ń bí mi nígbà tí mo bá rí típà tó wá kó iyanrìn létí odò, tí àwọn àgbàlagbà sì ń wò ó bí ẹni pé ohun tí kò ní olówó ni. Mo ti bá méjì nínú àwọn awakọ̀ náà sọ̀rọ̀. Ọ̀kan gbọ́, èkejì ní kí n lọ kọ́ ọmọ mi níwèé.

Ìyá tó ni ilá yẹn yọ̀ǹda ebè mẹ́fà fún mi létí Kìígbẹ lọ́dún tó tẹ̀ lé e. Wọn kò gba owó. Wọ́n ní kí n máa kọ́ ọmọ àwọn.

Ní ìbẹ̀rẹ̀ sáà tó kọjá, mo tún dé ibi odò nínú iṣẹ́ wa. N kò ya eegun ẹja sójú pátákó mọ́. Mo ya ilẹ̀ gíga, mo ya òkè àpáta, mo wá pe àwọn ọmọ jáde lọ́kọ̀ọ̀kan láti ya omi tiwọn. Ọmọ-ọmọ Bàbá ya Agbẹlẹ́ẹ̀rùn, ó jẹ́ kí ìlà rẹ̀ já wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́. Ẹlòmíràn ya Kìígbẹ, ìlà kúkúrú tí kò já, ó sì fi igi yí orí rẹ̀ ká. Ọmọbìnrin ẹ̀gbẹ́ fèrèsé ló jáde kẹ́yìn. Ó ya ìlà kan tí kò gùn ju ìka rẹ̀ lọ, ó fà á wọnú Abínú. Ó ní ẹ̀yìn ilé ìdáná ìyá òun ló ti bẹ̀rẹ̀, pé òun tẹ̀ lé e nínú òjò títí òun fi rí ibi tó wọ̀ sí.

Mo bi í pé kí lorúkọ rẹ̀. Ó ní kò tíì ní. Mo gbé ṣọ́ọ̀kì lé e lọ́wọ́ padà.